Káàtúùnù ló ń bá wa tọ́jú ìbínú wa lẹ́yìn ìbò

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí ìbò kan ṣe dun àwọn aráàlú tó, ẹ má tíì ka ìròyìn rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá káàtúùnù tó jáde lọ́sẹ̀ yẹn. Ìròyìn á sọ iye ìbò tí kálukú ní, á sọ ohun tí àwọn INEC sọ, á ní ẹgbẹ́ kan ti gbọ̀nà kóòtù lọ, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí lára ìyá àgbà tó ti lọ tò sórí ìlà láti ìdájí, tóòrùn pa á dọ̀sán, tó dìbò tán tó ń fi ìka tí wọ́n kun íńkì sí ṣe fáàrí káàkiri àdúgbò, tó wá dìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ní jàǹdùkú ti gbé àpótí ìbò yúnìtì wọn sá lọ, ìyẹn ò sí nínú rìsọ́ọ̀tì kankan. Kò sí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Inú káàtúùnù lẹ ti máa rí i, ojú ìyá yẹn gan-an lẹ máa rí, torí ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ilé-Ifẹ̀ ni mo ń gbé. Ní Lágere níbí, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta pépà, ẹ lọ dúró síbẹ̀ láàárọ̀ tí èsì ìbò bá jáde kẹ́ ẹ wo nǹkan. Àwọn fríì rídà á ti pé, wọn ò ní ra nǹkan kan, wọ́n á kàn tẹ̀ síwájú, wọ́n á káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á máa ka èyí tó bá hàn lójú pépà. Ariwo lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, ẹgbẹ́ yìí sọ báyìí, ẹgbẹ́ tọ̀hún sọ báyìí, ẹnì kan á ní wọ́n ti ra gbogbo wọn pátá, òmíì á ní irọ́ ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà. Tí fẹ́ńdọ̀ bá wá ṣèèṣì ṣí pépà kan sójú ewé tí káàtúùnù wà, àwọn méjì tó ń bára wọn fa ọ̀rọ̀ yẹn á dákẹ́, wọ́n á tẹjú mọ́ ọn, tó bá yá ọ̀kan á bú sẹ́rìn-ín, èkejì náà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á jọ mirí. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀rọ̀ tí wọn ò lè bára wọn sọ láìjà, àwòrán tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló bá wọn sọ ọ́, torí kò bi wọ́n ní ẹgbẹ́ tí wọ́n wà, ohun tó jọ ń dun àwọn méjèèjì ló yà.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń yà á ná. Olóṣèlú inú káàtúùnù Nàìjíríà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ikùn á yọ síta, agbádá á gba ìdajì ojú ewé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, fìlà á ṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mẹ̀kúnnù wá wà nísàlẹ̀ lápá kan, ó rí tín-ín-rín, ṣòkòtò ẹ̀ ti lẹ̀, egungun àyà ẹ̀ ń hàn, nígbà mìíì kò wọ bàtà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wo olóṣèlú torí òun ló tóbi, èmi, mẹ̀kúnnù yẹn ni mo máa ń wò, torí ibẹ̀ ni ayàwòrán máa ń gbé ọ̀rọ̀ tòótọ́ sí. Ó lè má ju gbólóhùn kan péré tó ń ráhùn lábẹ́nú, ó sì lè má sọ nǹkan kan rárá, kó kàn máa wò. Ìwò yẹn gan-an lọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá fara balẹ̀, ẹ ó rí i pé ìlà méjì péré ni wọ́n fi ya ìpéǹpéjú ẹ̀, tí ìlà yẹn bá ròkè, ẹni tó ń bínú ni, tó bá wálẹ̀ díẹ̀, ó ti di ẹni tí gbogbo ẹ̀ ti sú. Èmi ò rò pé ohun kan wà tó le ju ìyẹn lọ láti yà nínú iṣẹ́ yìí, torí ẹni tó ń bínú ṣì ń retí nǹkan kan, ẹni tó ti sú ò retí mọ́.

Àwọn kan á ní òyìnbó ló kó káàtúùnù dé. Òyìnbó ló kó pépà dé, n ò jiyàn ìyẹn, ṣùgbọ́n ká mú ẹni tó ń jọba lé èèyàn lórí ká sọ ìrìn ẹ̀ àti ojú ẹ̀ di ohun ìwòran kó lè mọ ìwà tó ń hù, a ti ń ṣe é tipẹ́. Ṣé àwọn eégún alárìnjó ò gbé agọ̀ òyìnbó jáde ni, pẹ̀lú imú ṣóńṣó, kó máa rìn gan-an-gan, kí gbogbo ọjà máa pariwo? Níhà Kétu, eléfẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á dìde lóru, á máa ka ìwà ìbàjẹ́ àwọn èèyàn ńlá sí wọn létí, wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. N'Ìbàdàn, lọ́jọ́ Òkè'Bàdàn, orin tí wọ́n ń kọ ò mọ olówó yàtọ̀ sí olóyè. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá ti kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi í rín. Inú dídùn kọ́ ló ń fa irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀.

Nínú pépà, ẹni tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ ni Akinọla Laṣekan, ọmọ Ọ̀wọ̀, tó ń yàwòrán fún West African Pilot ti Azikiwe láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Lash ló máa ń kọ sábẹ́ iṣẹ́ ẹ̀. Pépà Gẹ̀ẹ́sì ni Pilot, ẹni tí ò kàwé ò lè rí nǹkan kan mú nínú ọ̀rọ̀ gbọọrọ tí wọ́n kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n tí Lash bá ya amúnisìn àti ẹni tí wọ́n ń mú sìn, kò sẹ́ni tí ò ní yé. Lẹ́yìn tiẹ̀ la wá ní Josy Ajiboye àti dele jegede tí wọ́n gbajúmọ̀ nínú Sunday Times, la ní Bisi Ogunbadejo nínú Guardian, láyé àwọn ṣójà. Ẹ rò ó wò, kí ni wọ́n fẹ́ ya nípa ìbò nígbà tí kò síbò? Ìyẹn gan-an ni wọ́n ń yà, àìsíbò. Lọ́dún 1979 tí wọ́n tiẹ̀ jẹ́ ká dìbò, òfin ní ẹni tó máa di ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19, ọ̀rọ̀ wá di ìpínlẹ̀ 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta, wọ́n gbé e dé Kóòtù Tó Ga Jù, agbẹjọ́rò ń ṣe ìṣirò, adájọ́ ń ṣe ìṣirò, àwọn tó dìbò fún Awólọ́wọ̀ n'Ífẹ̀ àti n'Íléṣà ń wò wọ́n lẹ́nu. Báwo lẹ ṣe máa gé ìpínlẹ̀ sí mẹ́ta kẹ́ ẹ mú méjì níbẹ̀? Olóòtú lè kọ ojú ewé méjì lórí ẹ̀ kó máà yéèyàn, ayàwòrán nílò àdá àti máàpù péré.

Èyí tó máa ń jọ mí lójú jù ni Dikirí 4 ti ọdún 1984, òfin tí àwọn ṣójà ṣe nígbà ìjọba Buhari àti Idiagbon. Gbogbo wa la mọ̀ pé òun ni wọ́n fi ju Tunde Thompson àti Nduka Irabor, àwọn akọ̀ròyìn Guardian, sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ò kíyè sí nínú òfin yẹn ni pé kì í ṣe irọ́ nìkan ló kà léèwọ̀, ó ka ohunkóhun tó bá lè sọ ìjọba tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba di ẹni ẹ̀sín léèwọ̀ pẹ̀lú. Ẹni ẹ̀sín! Ìjọba tó ní ìbọn, tó ní ọkọ̀ ogun, ó jókòó kọ ọ́ sínú òfin pé ẹ ò gbọdọ̀ fi òun rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ní káàtúùnù ò já mọ́ nǹkan kan, kó lọ bi àwọn tó kọ òfin yẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni lókè òkun. Lọ́dún 1832, wọ́n fi Daumier sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Faransé torí ó ya ọba wọn ní òmìrán alájẹkì tó ń gbé owó àwọn tálákà mì. Ní New York lọ́dún 1871, Thomas Nast ń ya Tweed, ọ̀gá òṣèlú tó ń jí owó ìlú kó, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n ní Tweed sọ pé ohun tí pépà ń kọ ò kan òun, àwọn èèyàn òun ò mọ̀wé kà, àmọ́ àwòrán burúkú yẹn, wọ́n ń rí i. Nígbà tó sá kúrò nílùú tó dé Sípéènì ní 1876, àwòrán Nast náà ni wọ́n fi dá a mọ̀. Zapiro ti South Africa fi ẹ̀rọ ìwẹ̀ ṣáwà sórí Jacob Zuma lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kan tó sọ ní kóòtù nípa ìwẹ̀ lọ́dún 2006, kò sì yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ mọ́ títí tó fi di ààrẹ. Zuma pè é lẹ́jọ́, ó padà jáwọ́ níbẹ̀ ní 2012, ṣáwà ṣì wà lórí.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé. Ìbò gómìnà wa l'Ọ́ṣun níbí, ti September 22, 2018. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni n'Ífẹ̀ lè gbàgbé ọ̀sẹ̀ yẹn. Adeleke ti PDP ní 254,698, Oyetola ti APC ní 254,345, ìyàtọ̀ 353 péré, INEC wá ní ìbò ò tíì parí, ó di dandan ká tún un dì ní yúnìtì méje, Orolú, Òṣogbo, Ifẹ̀ Àríwá àti Ifẹ̀ Gúúsù ni wọ́n wà. Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, September 27, wọ́n tún un dì, àwọn aṣojú Amẹ́ríkà, Bìrìtìkó àti ìjọba àpapọ̀ Yúróòpù tí wọ́n wá wò ó náà jáde sọ pé àwọn rí i pé wọ́n ń dẹ́rù ba olùdìbò. Èsì tó jáde fi ìbò 482 gbé Oyetola wọlé. Ó di kóòtù, ó di July 5, 2019 kí Kóòtù Tó Ga Jù tó dá a láre. Ẹgbẹ́ tí mo wà kọ́ ni mò ń sọ o, torí ẹgbẹ́ yòówù kẹ́ ẹ wà, ẹ mọ bó ṣe rí lára ká dìbò ká tún wá gbọ́ pé ìlú tí wọ́n fi máa mọ gómìnà wa ò ju yúnìtì méje lọ.

Ọmọ kan wà ládùúgbò wa nígbà náà, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní OAU, ó máa ń ya káàtúùnù fún àwọn akọ̀ròyìn inú ọgbà. Mo jókòó tì í lọ́sẹ̀ yẹn tó ń ya ọ̀kan. Pẹ́ńsù ló kọ́kọ́ fi yà á, fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kó tó wá fi bírò dúdú tọ̀ ọ́. Obìnrin àgbà kan ló yà, ó gbé àga rọ́bà tó lọ fi jókòó ní yúnìtì rù, ó ń lọ sílé. Ìka tí wọ́n kun íńkì sí, ó yà á tóbi, ó tóbi ju orí obìnrin náà lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fà á ṣubú. Lọ́nà ẹ̀yìn lókèèrè ni bọ́ọ̀dù wà tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, ọwọ́ kan yọ láti ẹ̀gbẹ́ ìwé, a ò rí ẹni tó ni ín, ó ń fi ráágì nu nọ́ńbà yẹn. Kò sí ẹgbẹ́ níbẹ̀, kò sí ìgbálẹ̀, kò sí ańbùrẹ́là. Lákọ̀ọ́kọ́ obìnrin náà ń sunkún, omijé ẹ̀ bọ́ dé àgbọ̀n. Ọmọ náà wò ó títí, ó mú ráábà, ó pa omijé rẹ́, ó wá pa ẹnu obìnrin náà dé, ó fi ìlà kan ṣoṣo fún ètè ẹ̀ pọ̀. Mo ní kí ló dé tó pa á rẹ́, omijé yẹn kúkú dáa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tó bá ń sunkún, wọ́n á káàánú ẹ̀ ni, wọ́n á sì ṣí ewé lọ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n káàánú ẹ̀. Mo fẹ́ kójú tì wọ́n."

Látọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ojú mìíì wo káàtúùnù. Kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá, ó sì jẹ́ káàtúùnù tó péye. Àwa tá a rò pé dandan ni kó pa èèyàn lẹ́rìn-ín, a máa ń fojú fo èyí tó lágbára jù.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ káwọn ayàwòrán wa túbọ̀ máa yà, àwa fúnra wa ni. Ọdún 2018 yẹn kan náà ni "dìbò kóo sebẹ̀" gba gbogbo ẹnu kan, láti Èkìtì dé ọ̀dọ̀ wa, kẹ́ ẹ fi fóònù ya fọ́tò bébà ìdìbò tẹ́ ẹ tẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ yí i lọ́nà tí aṣojú ẹgbẹ́ á fi rí i, kí wọ́n ka owó fún yín lẹ́yìn ilé. Ẹ̀rù ń bà mí tí mo bá ń ronú nípa ẹ̀. Gbogbo káàtúùnù tí mò ń rí nípa ẹ̀, olóṣèlú tó ń nawọ́ owó ni wọ́n máa ń yà tóbi, ọwọ́ tó gbà á máa ń kéré, bí ẹni pé ọwọ́ yẹn ò ṣe nǹkan kan. Mo mọ ìdí ẹ̀, ebi ń pa ẹni tó gbà á, ta ló fẹ́ fi tálákà ṣẹ̀sín? Èmi náà ò fẹ́ kí wọ́n fi ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n ya ojú ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tọ́bẹ̀ bá tán, kí wọ́n ya ìkòkò yẹn lófìfo kí ẹni tó fowó sebẹ̀ máa wo ọ̀nà tí kò tíì ní ọ̀dà. Ẹni tó bá ya ìyẹn tó sì ya ìfẹ́ mọ́ ọn, ó ti bá mi sọ ohun tí mi ò rí ẹnu sọ fún àwọn èèyàn mi.

Ìbò ààrẹ ti February 25, 2023 tún yàtọ̀. Wọ́n ti fi BVAS, ẹ̀rọ tó ń yẹ olùdìbò wò, àti IReV, ojú òpó íńtánẹ́ẹ̀tì tí INEC ń gbé èsì sí, fọkàn wa balẹ̀, wọ́n ní láti yúnìtì lẹ ó ti máa rí èsì lórí fóònù yín, àwọn ọ̀dọ́ jókòó ti àpótí ìbò títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n ń tan tọ́ọ̀ṣì fóònù fún òṣìṣẹ́ INEC kó lè kàwé. Èsì ìbò ààrẹ ò gòkè bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Káàtúùnù IReV wá kún gbogbo orí fóònù, iṣẹ́ àwọn bíi Mike Asukwo ti BusinessDay ń ti gúrúùpù kan bọ́ sí òmíì. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù lọ́dún yẹn, mi ò rí i kí wọ́n yà á tó. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 93. Àwọn tí ẹ̀rọ yẹ̀ wò pé wọ́n wá dìbò lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 25. Ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, ẹ wo iye tó kù sílé. Àwọn yẹn ni mo pè ní ẹni tí gbogbo ẹ̀ ti sú lẹ́ẹ̀kan, ìpéǹpéjú wọn ti wálẹ̀. Ó ṣòro láti ya ẹni tí kò wá, mo mọ̀, ìlà tí kò sẹ́nì kan lórí ẹ̀ ò jọ nǹkan kan lójú pépà. Síbẹ̀ ìbínú tó pọ̀ jù nílẹ̀ yìí, ibẹ̀ ló wà, ó sì yẹ kí ayàwòrán kan wá a lọ sílé.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé lókè Òkèṣà n'Íléṣà ò gbà pẹ̀lú mi rárá. Ó ní káàtúùnù ló ń bá àwọn olóṣèlú ṣiṣẹ́, pé a ó fi rẹ́rìn-ín, ìbínú á rọlẹ̀, a ó padà sẹ́nu iṣẹ́ wa, wọ́n á máa bá tiwọn lọ. Mi ò lè ní ó parọ́ pátápátá. Àwọn káàtúùnù kan wà tó jẹ́ pé ikùn olóṣèlú nìkan ló ń fi rẹ́rìn-ín, tẹ́ ẹ bá wò ó tán ẹ ò mọ ohun tó ṣe. Ìyẹn ń tù wọ́n lára. Ṣùgbọ́n mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé kí ló rántí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lórí rédíò lọ́sẹ̀ àtúndì ìbò yẹn, ó ronú títí, kò rántí ju nọ́ńbà lọ. Mo wá fi àwòrán obìnrin alága rọ́bà yẹn ránṣẹ́ sí i. Kò dáhùn títí alẹ́, nígbà tó máa dáhùn, ó ní, "Àbúrò, ìyá wa lẹni yìí." Ìyá wa ò dìbò ní ibi kankan nínú yúnìtì méje yẹn.

Ohun tó ń bí mi nínú báyìí nìyí. Àwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ ra pépà mọ́, orí WhatsApp àti Facebook ni káàtúùnù ń gbé, ìyẹn ò burú, ó ti ń dé ọwọ́ àwọn tí pépà ò lè dé ọ̀dọ̀ wọn láéláé. Ṣùgbọ́n kó tó dé ọwọ́ ẹni kẹwàá, wọ́n ti gé ìsàlẹ̀ ẹ̀ kúrò, níbi tí ayàwòrán kọ orúkọ ẹ̀ sí, wọ́n ti gé déètì, ẹlòmíì á tiẹ̀ tún lẹ orúkọ péèjì tiẹ̀ mọ́ àárín ojú àwòrán. Káàtúùnù tí ò ní déètì, ó ti sọ ẹ̀rí nù, ta ló máa mọ̀ bóyá ìbò 2007 ló ń bínú sí ni àbí ti 2023? Ẹni tó yà á ò rí kọ́bọ̀, orúkọ tó yẹ kó rí gan-an wọ́n tún gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti fi káàtúùnù sílẹ̀ tí wọ́n ń ya lógò fún àwọn oníṣòwò. Ọmọ àdúgbò wa yẹn náà, lógò ló ń yà báyìí.

Nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi káàtúùnù ránṣẹ́, ẹ fi í ránṣẹ́ lódidi, pẹ̀lú orúkọ tó wà lábẹ́ ẹ̀. Àwọn tí bàbá wọn ní Daily Times, Sketch, Tribune tàbí Concord àtijọ́ nínú àpótí nílé n'Ífẹ̀ níbí, ní Modákẹ́kẹ́, n'Íléṣà, ẹ má jẹ́ kí alákàrà kó wọn tán. Ẹ wá ojú ewé tí káàtúùnù wà, pàápàá ti 1979, ti 1983, ti oṣù June àti July 1993, ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ ya gbogbo ojú ewé náà ní fọ́tò, ẹ má kàn ya àwòrán nìkan, kí orúkọ ayàwòrán hàn, kí orúkọ pépà àti déètì tó wà lókè náà hàn. Tí òkè ẹ̀ bá ti ya, ẹ yẹ ojú ewé tó kọjú sí i wò, déètì lè wà lórí ìyẹn.